Ta Ló Ni Adúmáadán?

Ohùn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tún kí wọn.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ méjì ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yín tí Àjọ Orúkọ kò mọ̀. Ẹ sọ ẹni tó ni wọ́n, tàbí kí ẹ pa wọ́n, tàbí kí ẹnì kan dúró fún wọn. Ilẹ̀kùn yóò ṣí nígbà tí ẹ bá dáhùn."

Akínfẹnwá gbé èjìká kúrò lára ilẹ̀kùn tí ó ti ń tì láti àárọ̀. Ilẹ̀kùn náà kò mì. Iná pupa tó wà lókè rẹ̀ kò sì ṣẹ́jú.

"Ẹni tó kọ́ ohùn yìí ní ìkíni," ni ó wí, "ọ̀run ni kó ti lọ gba èrè rẹ̀."

"Ẹ má ṣépè fún un," ni Morádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti iwájú kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ṣépè? Àdúrà ni mo ń gbà. Mo ní kó tètè dé ọ̀run."

Morádéyọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ooru kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà jáde dáadáa. Láti ìgbà tí iná pupa ti tàn ni atẹ́gùn tútù tí ń wá láti inú ògiri ti ń dín kù. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò atẹ́gùn, ó sì fi orí ti ògiri níbẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú débi pé ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Àná ló yẹ kí wọ́n bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àná sì ni ilẹ̀kùn tì.

Lódìkejì ọ̀nà, lẹ́yìn gíláàsì ilé tó kọjú sí tiwọn, Ìyá Olóyè ń juwọ́ sí wọn. Ọmọ obìnrin náà ló fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọn kó tó sá lọ. Ìyá rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ náà. Láti ọdún tí Morádéyọ̀ ti wọlé ọkọ ní Òkè Ìrètí, kò tíì rí i lójúde rí.

"Wò ó," ni Akínfẹnwá wí, ó ń ju ọwọ́ padà sí i. "Ohun tí wọ́n ń pè ní dídúró nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí."

"N kò dárúkọ nǹkan kan."

"Ojú rẹ ti dárúkọ rẹ̀."

Morádéyọ̀ yí ojú náà padà sí kọ̀ǹpútà. Àwọn iṣẹ́ ilé wà níbẹ̀ ní títò: Atẹ́gùn, Omi, Ìmọ́lẹ̀, Ilẹ̀kùn, Aago Àdúrà. Ó mọ̀ wọ́n bí ó ti mọ àwọn ọmọdé tí ó ń kọ́ ní orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ èyí tó máa ń pẹ́ dìde àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn méjì tí kò mọ̀ wà. Àjọ ti fi ọ̀dà pupa yí wọn ká. Ọ̀kan ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún. Èkejì ń jẹ́ Adúmáadán.

"Kòkòrò ni wọ́n," ni Akínfẹnwá wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ti ojú ọ̀nà wọlé. Pa wọ́n, kí a gbé Bàbá lọ."

"Kòkòrò wo ló ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín kó tó jẹ ilé run ni?"

"Pa á, Morádéyọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè ná. Àlejò tí a bá bá nínú ilé, a máa ń bi í pé ta ló mú un wá kí a tó fi igi lé e."

Ó fọwọ́ kan orúkọ náà, ó sì béèrè ẹni tó jí i dìde. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé ìdáná ni. Ó béèrè ohun tó ń jẹ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, iná díẹ̀ ni. Ó béèrè ibi tó ń lọ. Ó ní àràárọ̀ ni iṣẹ́ náà ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé kan ní àdúgbò Ìsàlẹ̀, tí ó bá kàn án tí kò sí ìdáhùn, yóò padà wá sùn.

"Ìdáná," ni Morádéyọ̀ tún un sọ. Nínú ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ti ìdáná pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tí Olúwa pè lọ́yẹ́ tó kọjá. Yóò na ọwọ́ tí ìyẹ̀fun kún sí ojú ẹ̀rọ, yóò máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́.

"Màmá kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Akínfẹnwá wí. "Mo mọ gbogbo ẹni tí Màmá mọ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé Àjọ."

"Ṣé Awẹ́lẹ́wà wà nínú ìwé Àjọ?"

"Ta ni Awẹ́lẹ́wà?"

"Àbúrò yín."

Morádéyọ̀ ti yí àga rẹ̀ padà, ó ń wò ó. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, kí ni mo ń pè é? Ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi rí? Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ó ti wà níbẹ̀ kí ìyàwó tó dé. Nígbà tí mo sì ní kí kọ̀ǹpútà máa rán mi létí ọjọ́ ìbí rẹ̀, Awẹ́lẹ́wà ni mo kọ síbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo ti pa á kí àwọn aláyẹ̀wò Àjọ tó dé." Ó dìde dúró. "Màmá náà ti ṣe ìyàwó rí."

Àwọn méjèèjì kò lè rántí ìgbà tí Màmá ṣe ìyàwó. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ló lè rántí rẹ̀. Morádéyọ̀ lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá arúgbó náà.

"Bàbá, ẹ dákun, ta ni Màmá máa ń pè ní Eyínmẹ́nugún?"

Bàbá la ojú. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín kan wá sí ẹnu rẹ̀, irú èyí tí wọn kò tíì rí láti ìgbà ìsìnkú.

"Àbúrò mi obìnrin ni. Mobọ́láńlé. Ẹ ò rí eyín ẹnu rẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n mú ìyá yín wọlé, Mobọ́láńlé ló gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé níyàwó. Ibẹ̀ ni ìyá yín ti sọ ọ́ lórúkọ." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí Mobọ́láńlé dá nìkan gbé ní Ìsàlẹ̀, ìyá yín máa ń rán ẹ̀rọ láti lọ wò ó láràárọ̀ bóyá ó ti jí. Ó ti sùn nínú Olúwa kí ìyá yín tó lọ. Ṣé ẹ̀rọ náà ṣì ń lọ ni?"

"Ó ṣì ń lọ, Bàbá."

Morádéyọ̀ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí awo idẹ tó wà níbẹ̀, nítorí ohùn náà kì í gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fọwọ́ lé awo. Ó sọ orúkọ Mobọ́láńlé, ó sọ pé ó ti kú, pé kí iṣẹ́ náà sinmi.

"Òtítọ́ ni," ni ohùn náà wí. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Iṣẹ́ kan ló kù."

Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ wọlé bí ẹ̀bùn. Akínfẹnwá bọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó sì kọjú sí baba rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ kan náà.

"Ó dára. Adúmáadán wá ńkọ́, Bàbá?"

Ẹ̀rín náà lọ kúrò lójú arúgbó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Bàbá, ẹ sọ pé 'mọ́'."

"Àbúrò mi ọkùnrin ni. Orúkọ rẹ̀ ni..."

"Ẹ má pè é." Morádéyọ̀ ti na ọwọ́ jáde kí ó tó mọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu baba ọkọ rẹ̀. Ó fà á padà pẹ̀lú ìtìjú. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Tó bá jẹ́ ẹni tí mo rò ni, ẹ má pè é nínú ilé yìí."

Gbogbo ọmọ Òkè Ìrètí ló mọ ìdí. Ohun gbogbo ni èèyàn lè sọ nínú ilé láìjẹ́ pé ohùn ẹnu ilẹ̀kùn bìkítà, àfi orúkọ tí Àjọ ti pa rẹ́. Èyí nìkan ni ilé máa ń gbọ́ láìfọwọ́ kan awo. Ẹni tó bá pè é yóò bá ẹni tó ni ín lọ sẹ́yìn Ògiri tó yí ìlú ká.

Akínfẹnwá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó máa ń gbé mi kọ́rùn," ni ó wí. "Mo ṣì kéré nígbà náà. Wọ́n ní ó ṣí táǹkì ìlú fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ lẹ́yìn Ògiri, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tì í jáde lọ bá wọn."

"Mo ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán," ni Bàbá wí. "Ta ló lè wà láàyè níbẹ̀ láìní omi?"

Morádéyọ̀ padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì bi Adúmáadán léèrè bí ó ti bi èkejì. Ìdáná ló jí i dìde. Omi ló ń jẹ. Kì í ṣe omi mímu ilé, omi ìfọwọ́ àti ìfọbọ́ ni, èyí tí ẹ̀rọ ti sẹ́ tó sì mọ́. Lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá kúrò ní àtàrí, iṣẹ́ náà a rọra tú u sínú páìpù àtijọ́ kan tó gba abẹ́ Ògiri lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan.

"Màmá," ni Akínfẹnwá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í jẹ́ kí a da omi abọ́ nù."

"Ẹ wo ibí yìí." Ìka Morádéyọ̀ wà lórí ìlà kan tí ń lọ sókè, tó wá gé bìrí. "Omi náà kì í tán fúnra rẹ̀. Tó bá ti sàn dé ìwọ̀n kan, ẹnì kan máa ń dí ẹnu páìpù lọ́hùn-ún. Ó ṣe é lánàá. Ó ṣe é níjẹta." Ó yíjú sí bàbá arúgbó náà. "Bàbá, òkú kì í pa ẹ̀rọ omi."

Bàbá kò sọkún sókè. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àyà, ó sì ń mi orí bí ẹni tí ń gbọ́ ìwàásù tó wọ̀ ọ́ lára. Níkẹyìn ó wí pé, "Obìnrin yẹn bá mi gbé títí ó fi kú. Kò sọ ọ́ fún mi."

"Ó mọ̀ pé ẹ ó lọ jẹ́wọ́ fún Àjọ ni," ni Akínfẹnwá wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ. Nítorí ó ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí àwọn méjì tó kù tó dé ibẹ̀. Ó dìde. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n baba mi ni mo rí lójú. Tí a bá sọ ẹni tó ni ín, wọn yóò pa orúkọ gbogbo wa rẹ́. Tí a bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ Bàbá yóò di májèlé sí i lára. Ẹ jẹ́ kí n pa á. Èmi ni mo pa á, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Pa á," ni Bàbá wí. "Kí o wá lọ sọ fún ilé ìwòsàn pé n kò wá mọ́ láéláé."

"Bàbá."

"Omi abọ́ tí mo fi jẹun ni àbúrò mi ń mu. Ṣé kí n wá fi ọ̀fun rẹ̀ ra ẹ̀jẹ̀ tó mọ́? N kò lọ."

Akínfẹnwá dúró sáàárín yàrá, ó wo baba rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ibi tí ojú rẹ̀ lè bà lé. "Ó dára. Èmi ó dúró fún un."

"Ẹ kò lè dúró," ni Morádéyọ̀ wí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ mọ orúkọ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ohùn náà máa ń bi onídùúró ni bóyá ó mọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ pè é, ohùn náà sì máa ń gbọ́ irọ́ nínú ọ̀fun kí ó tó dé ahọ́n. Akínfẹnwá mọ orúkọ náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá ló mọ̀ ọ́n jù. Nínú ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún rí.

Morádéyọ̀ rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń yé ọkọ rẹ̀. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ wo gíláàsì, tó wo ilé Ìyá Olóyè.

"Rárá," ni Akínfẹnwá wí. "Mo lè sọ ọ́ sí ọ létí nísinsìnyí. Kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀nà náà dí."

"Ẹ lè sọ ọ́."

Ó ṣí ẹnu. Kò sọ ọ́.

Ẹ̀rù ń ba Morádéyọ̀ gidigidi. Ó ronú kan orí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, níbi tí afẹ́fẹ́ àárọ̀ ṣì máa ń tutù díẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ó ronú kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, tí wọn kò tíì mọ ohùn kejì orin ìkórè, àti ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní òkè kejì, tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láti wá wò ó. Ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀. Àdúrà náà kò gùn. Ó ní, Olúwa, bí ọ̀nà mìíràn bá wà, fi í hàn mí kíákíá, nítorí ìgboyà mi kò pọ̀. Ó dúró díẹ̀. Kò rí ọ̀nà mìíràn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "má ṣe é."

"Bàbá, Màmá ló fi ìdáná lé mi lọ́wọ́. Kò yọ apá kan sílẹ̀ nínú rẹ̀."

Ó tẹ́ ọwọ́ sórí awo idẹ.

"Mo fẹ́ dúró fún Adúmáadán."

"Ẹ kú ìgbìyànjú," ni ohùn náà wí. "Ṣé ẹ mọ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ yìí wà fún?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Adúmáadán ni ìyá ọkọ mi ń pè é. Ìyàwó kì í béèrè orúkọ."

"Ṣé ẹ ti rí i lójú rí?"

"N kò rí i rí."

Ohùn náà dákẹ́. Ìbéèrè kan wà tí kò lè dáhùn. Bí ohùn náà bá bi í bóyá ẹni tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni, kò ní purọ́, yóò kàn pa ẹnu mọ́, ìpanumọ́ náà yóò sì sọ gbogbo rẹ̀. Awo náà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Òtítọ́ ni," ni ohùn náà wí. "Iṣẹ́ náà lè máa lọ. Ẹ ó wà nínú ilé níwọ̀n ìgbà tó bá ń lọ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pa á, ilẹ̀kùn yóò ṣí fún yín."

Iná pupa yí padà di àwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wọlé dé orí ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Atẹ́gùn tútù tú jáde lára ògiri bí ẹni pé kò lọ síbì kan rí.

Kò sí àkókò púpọ̀ fún ọ̀rọ̀. Akínfẹnwá gbé baba rẹ̀ pọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ náà kò wọ bàtà. Ní ẹnu ọ̀nà, Bàbá ní kí ó dúró. Ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé orí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ire tó ń sú fún un kò jáde bí ọ̀rọ̀.

"Mo ń padà bọ̀," ni Akínfẹnwá wí fún un. "Kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Mo mọ̀. Ẹ mú omi dání fún Bàbá."

"Morádéyọ̀."

"Ẹ máa lọ, ọkọ mi. Oòrùn ń mú."

Ó tẹ̀lé wọn dé ibi tí ilẹ̀ yàrá parí. Ó na ẹsẹ̀ kan díẹ̀ láti wò ó, bóyá àṣìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀kùn rọra padà, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi fà á sínú. Ó wá tì.

Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, nítorí oòrùn ti kúrò ní àtàrí. Adúmáadán jí. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, omi ìfọbọ́ àárọ̀ wọn sì ń lọ nínú òkùnkùn lábẹ́ Ògiri. Kò fi ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò, ìlà náà gé bìrí, bí ẹni tí ń fi ọgbọ́n lo nǹkan tí kò mọ̀ bóyá yóò tún wá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ohùn ẹnu ilẹ̀kùn wí, "ọ̀pọ̀ onídùúró máa ń gbàgbé pé àwọn lè jáde. Ṣé kí n máa rán yín létí láràárọ̀ pé ẹ lè pa iṣẹ́ náà? Tàbí kí n má yọ yín lẹ́nu mọ́?"

Morádéyọ̀ dìde, ó sì lọ tẹ́ ọwọ́ sórí awo.

"Máa bi mí," ni ó wí. "Láràárọ̀. Ohun tí a bá fúnni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a lè wá máa kábàámọ̀ rẹ̀ títí ayé. N ó máa fún un lójoojúmọ́."

"Mo ti gbọ́," ni ohùn náà wí.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí awo, ó sì lọ sí ìdáná láti lọ fọ àwọn abọ́ tó kù.